Ẹni Tó Kọ́ Ọ

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kọkànlá, 2025. Èsìẹ́.

A ti kúrò ní ọsibítù Ọ̀mù-Àrán. Ọ́ńkù Ganíyù, àbúrò Màámi, ló fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé wa wálé. Ó rọra ń wà á bí ẹni tó kó ẹyin sẹ́yìn, síbẹ̀ kò sí kòtò tí Màámi ò kérora sí. Apá ọ̀tún wọn ò gbé nǹkan. Ẹnu ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ohun tí mo fẹ́ kọ kí n tó sùn ni pé ọ̀rọ̀ ti padà. Láti ìgbà tí rọpárọsẹ̀ ti dá wọn dùbúlẹ̀, ẹnu lásán ni wọ́n ń là. Lónìí, bí a ṣe yà kúrò lójú títì, wọ́n ní, "Ebi ń pa mí." Ọ́ńkù fẹ́rẹ̀ẹ́ wa ọkọ̀ wọgbó.

Yorùbá nìkan ló padà. Kí a tó kúrò, dókítà fi Gẹ̀ẹ́sì bi wọ́n lórúkọ, wọ́n ń wò ó bí ìgbà tí ewúrẹ́ bá sọ̀rọ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni Màámi fi kọ́ àwọn awakọ̀ bàálù ní ẹ̀kọ́ orí ilẹ̀, èyí tí wọ́n ń kọ́ kí wọ́n tó fò, ní Òkè Ọya, láti ìgbà tí mo wà ní jẹ́léósinmi títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì.

Nínú ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń kọ́ mi láti oṣù keje, orí mẹ́ta ló kù: aago iwájú awakọ̀, ojú ọjọ́, àti bí a ṣe ń dúró de àṣẹ lójú ọ̀run. Bí orí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò bá pé, tí Màámi ò sì fọwọ́ sí i pé àwọn ló kọ́ mi, mi ò lè gba ìwé àṣẹ láti wa bàálù nínú ìkùukùu, níbi tí awakọ̀ ò ti ní rí nǹkan kan àfi aago. Olùkọ́ tó ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ yìí ní ilé-ìwé awakọ̀ wa ti lọ sí Kánádà. Láísẹ́ǹsì olùkọ́ tí Màámi ní yóò sì parí lọ́jọ́ tí ọdún bá parí.

Mo mọ̀ pé kò yẹ kí n máa ro èyí lálẹ́ òní. Mò ń rò ó.

Ọjọ́bọ̀, 6.

Success wá, ọmọbìnrin Òrò tí ọsibítù ní kó máa na ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wọn.

"Alhájà, ẹ jẹ́ ká gbé ọwọ́ sókè."

"Gbé tìẹ."

"Tèmi ò ṣàìsàn, Màmá."

"Kí ló dé tó o wá nà án síwájú bí ẹni fẹ́ gba sàárà?"

Success rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó ní aláìsàn tó bá lè bú èèyàn, ó ń bọ̀ nílé. Mo fẹ́ gbà á gbọ́. Ìwé tí mò ń kà lálẹ́ nípa ọpọlọ ò sọ bẹ́ẹ̀. Kò sì sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 9.

Kò sí iná. Bẹntiróòlù ti fẹ́ tó ẹgbẹ̀rún náírà lítà kan ní Àjàṣẹ́, nítorí náà àtùpà ni mo fi ń kọ̀wé.

Ọ́ńkù Ganíyù gbé iṣu wá. Ó bá mi pẹ̀lú ìwé lórí itan.

"Mardiyah, ìyá rẹ ń ṣàìsàn, ìkùukùu lò ń kà. Wò ó, mo máa sọ òótọ́ fún ẹ. Ọkọ ò sí lójú sánmà o."

A rò pé Màámi ti sùn. Ohùn wọn jáde láti abẹ́ aṣọ: "Ganíyù, ìyàwó tìẹ tó o rí nílẹ̀ ńkọ́?"

Ìyàwó Ọ́ńkù ti bá ọmọ lọ sí Èkó láti ọdún tó kọjá, kò tíì sọ ọjọ́ tó ń bọ̀. Ọ́ńkù dìde, ó ní òun fẹ́ wo táyà ọkọ̀ òun.

Ọjọ́ Ẹtì, 14.

Ọ̀gá Gbóyèga pè láti ilé-ìwé. Òun ni olórí àwọn olùkọ́ wa, òun náà ló ń fò pẹ̀lú mi.

"Màmá ńkọ́?"

"Wọ́n wà, sà. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Yorùbá nìkan."

 Ó ní òfin ò sọ èdè tí olùkọ́ gbọ́dọ̀ fi kọ́ni. Kí ó ti kọ́ mi, kí ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ sí i, ó parí. Ó rán mi létí pé fọ́ọ̀mù ìfọwọ́sí tó wà lọ́wọ́ mi, ẹyọ kan ni. Òǹtẹ̀ àjọ ọkọ̀ òfuurufú wà lára rẹ̀, olú-iléeṣẹ́ ló sì ń fi í ránṣẹ́. Kí n má jẹ́ kí omi kàn án.

Nígbà tí mo ń fún Màámi ní ògì, mo ní bí ó bá rẹ̀ wọ́n, kí wọ́n kàn fọwọ́ sí orí mẹ́ta tó kù, mo ti kà á fúnra mi. Wọ́n yí ojú kúrò lára ṣíbí.

"Mi ò ní fọwọ́ sí ohun tí mi ò kọ́. Èmi ni mo máa kọ́ ọ."

Ìtìjú mú mi, inú mi sì dùn. Èwo ló ṣáájú nínú méjèèjì, mi ò lè sọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18.

A bẹ̀rẹ̀! Orí aago.

Mo gbé wọn jókòó sórí àga, mo ya aago mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sórí páálí, mo gbé e ti ògiri. Wọ́n fi ọwọ́ òsì tọ́ka sí èyí tó wà láàárín lókè, tó máa ń fi hàn bóyá bàálù tẹ́jú tàbí ó tẹ̀. Wọ́n fẹ́ dárúkọ ohun tó ń mú un ṣiṣẹ́. Orúkọ náà ò wá. Mo rí i tí wọ́n ń wá a, ojú wọn ń lọ káàkiri àjà bí ẹni tí kọ́kọ́rọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nínú òkùnkùn. Mo mọ orúkọ ọ̀hún ní Gẹ̀ẹ́sì. Mo mú ẹnu mọ́.

"Nǹkan yẹn," ni wọ́n wí. "Èyí tó ń pòòyì. Tí àwọn ọmọdé ń ta."

"Òkòtó?"

"Ẹ̀ẹ́n! Òkòtó. Òkòtó ló wà nínú aago yìí."

Ọ́ńkù Ganíyù gbọ́ láti ìta, kò lè pa á mọ́ra. Ó gé agolo mílíìkì, ó ká a, ó ta á sórí símẹ́ǹtì. Òkòtó dúró ṣánṣán. Ó ní ní ìgbà èwe òun, kò sẹ́ni tó lè bá òun ta á ní gbogbo Èsìẹ́. Màámi ní irọ́ ni, àwọn máa ń nà án dáadáa.

Wọ́n wá kọjú sí mi. Ohùn wọn yí padà, ó di ohùn kíláàsì.

"Bí òkòtó bá ń yí dáadáa, da gbogbo ilé yìí dojú dé, kò ní bá ọ dà. Ìdí nìyẹn tó fi mọ ibi tí òkè wà. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti rẹ̀ ẹ́, wò ó." Òkòtó ti ń mì bí ọ̀mùtí. "Kì í ṣubú lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyẹn ló léwu. Bí ó bá ṣubú lẹ́ẹ̀kan náà, wàá mọ̀. Díẹ̀díẹ̀ ló ń parọ́."

"Báwo ni mo ṣe máa mọ̀, Màámi?"

"Bi àwọn aago tó kù. Má bi ara rẹ. Inú etí ni ara ti ń mọ̀ bóyá òun dúró tàbí òun tẹ̀, etí ò sì mọ̀ ju ohun tó gbọ́ kẹ́yìn lọ."

Nígbà tó o bá wà nínú ìkùukùu, ara rẹ á máa bẹ̀ ọ́ pé kó o tẹ̀ sí òsì. Má dá a lóhùn. Ó máa sunkún. Jẹ́ kó sunkún. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sọ ọ́. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe jáde. Màámi ò wa bàálù rí láyé wọn, bí èrò lásán ni wọ́n ṣe ń wọ̀ ọ́. Níbo ni wọ́n ti rí ẹkún náà?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22.

Ọyẹ́ ti dé. Ètè Màámi là, mo fi òrí pa á.

Ọjọ́bọ̀, 27.

Wọ́n kọ́ mi ní òkòtó lónìí bí ẹni pé a ò tíì ṣe é rí. Wọ́n tún ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Ọ̀rọ̀ kan náà, ibi kan náà ni wọ́n ti ń dúró mí. Mo ti mọ̀ pé bí wọ́n bá dé "díẹ̀díẹ̀ ló ń parọ́," kí n tètè béèrè pé "Báwo ni mo ṣe máa mọ̀, Màámi?" Bí n ò bá béèrè, wọ́n máa ń ṣìnà, wọ́n á sì wo ọwọ́ wọn títí ilẹ̀ á fi ṣú. Bí mo bá béèrè, ọ̀nà á là.

Ṣé kí n ka tònìí kún ẹ̀kọ́? Àkọsílẹ̀ ní àyè fún ọjọ́ àti ohun tí olùkọ́ kọ́ni. Kò ní àyè fún èyí. N ò kà á.

Ọjọ́rú, 3 Oṣù Kejìlá.

Kùrukùru bolẹ̀ láàárọ̀, dóńgóyárò iwájú ilé ò hàn. Mo rò pé mo máa gbé tíì fún Màámi, wọ́n ti jókòó lórí ibùsùn, ojú wọn mọ́ kedere, wọ́n ní, "Ṣí fèrèsé. Orí ojú ọjọ́ rèé."

Wọ́n ní kí n bu omi tútù láti inú fíríìjì sínú ife, kí n gbé e sórí tábìlì. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ìrì sẹ̀ sára ife. "Ta ló da omi sẹ́yìn ife? Kò sẹ́ni. Afẹ́fẹ́ dà bí aṣọ, ó ní ìwọ̀n omi tó lè fà mu. Bí ó bá tutù, ṣe ló ń fún ara rẹ̀. Ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kán, ibẹ̀ ni kó o máa bẹ̀rù. Bí àwọn tó wà ní pápákọ̀ bá sọ fún ọ bí ibẹ̀ ṣe tutù tó, béèrè ibi tí ìrì ti ń sẹ̀. Bí méjèèjì bá ti súnmọ́ra, má bá kùrukùru jà. Wá ibòmíràn bà sí."

"Ọyẹ́ ńkọ́?"

"Ọyẹ́ kì í ṣe omi. Eruku aṣálẹ̀ ni. Oòrùn lè lé kùrukùru lọ, ọyẹ́ ò mọ oòrùn lọ́gàá."

Oorun gbé wọn lọ láàárín ọ̀rọ̀. A parí rẹ̀ nírọ̀lẹ́. Mo kà á kún ẹ̀kọ́.

Nígbà tí mo gbé wọn kọjú sí gábàsì kí wọ́n kírun, wọ́n ka Fátíà láti orí dé ìdí láìṣìnà. Lárúbáwá ò lọ. Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló lọ. Ọ́ńkù ní Ọlọ́run ló yà á sọ́tọ̀, Ó mọ ohun tí ẹrú Rẹ̀ nílò. Èmi ti kà á pé ohun tí èèyàn bá kọ́ ní kékeré ló ń jinlẹ̀ jù. Mi ò bá a jiyàn. Méjèèjì lè jẹ́ òótọ́. Ó sì lè jẹ́ pé kò sí òótọ́ nínú ìkankan, pé ńṣe ni iná kàn jó yàrá kan, tí kò jó èkejì.

Ọjọ́bọ̀, 11.

Ọjọ́ burúkú. Àyìsátù ni wọ́n pè mí látàárọ̀, orúkọ ẹ̀gbọ́n wọn tó ti kú. Wọ́n ní kí n bá àwọn wá bàtà, àwọn ọmọ kíláàsì ti ń dúró. Nígbà tí mo ní kò sí kíláàsì lónìí, wọ́n wò mí tìkà-tẹ̀gbin.

Ní ọ̀sán, wọ́n padà sí ara wọn. Success kó síléètì àti ṣọ́ọ̀kì wá kí wọ́n máa fi ọwọ́ òsì kọ orúkọ. Wọ́n ń kọ, wọ́n ń nù ún, wọ́n ń tún un kọ. Òógùn bò wọ́n nínú ọyẹ́.

"Màmá, ẹ rọra o. Ṣé ṣẹ́ẹ̀kì lẹ fẹ́ lọ gbà ní báńkì ni?"

"Ọmọ mi ni mo fẹ́ tú sílẹ̀."

 Success di síléètì mú kó má baà máa yọ̀.

Ọjọ́rú, 17.

A ti parí rẹ̀. Mo fẹ́ rántí tòní dáadáa.

Dídúró de àṣẹ lójú ọ̀run: bí wọn ò bá tíì gbà ọ́ láyè láti bà, ó ní ibi tó o máa pòòyì lé lórí, bí àwòdì, ṣùgbọ́n kì í ṣe bó bá ṣe wù ọ́. Lọ, yí, padà, yí. Mo yà á sórí páálí, Màámi ò wò ó. Wọ́n ní kí n gbé àwọn dìde.

Ìta la lọ. Wọ́n fi apá òsì gbá mi lọ́rùn. Dóńgóyárò ni ibi ìdúró wa. A rìn kọjá rẹ̀, a yí sí ọ̀tún, a rìn lọ sọ́nà ògiri, a tún yí sí ọ̀tún, a padà. Ẹsẹ̀ wọn ń wọ́ lórí ilẹ̀, ó ń fa ilà sínú eruku. Lẹ́yìn ìgbà tí a ti yí i mélòó kan, ilà náà hàn kedere, ó gùn, ó sì rí roboto lórí àti nídìí, gẹ́gẹ́ bó ṣe wà nínú ìwé.

Ọ́ńkù Ganíyù dé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Alhájà! Ṣé tàwáàfù lẹ tún ń ṣe nínú ọgbà ni?"

"Òpè," ni Màámi dá a lóhùn láìdúró. "Òsì ni wọ́n ń yí ní Mẹ́kà. Ọ̀tún ni tiwa."

Ẹ̀rín pa mí títí a fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. A fẹ̀yìn ti igi. Mo gbọ́ bí àyà wọn ṣe ń lù.

"Bí epo bá ń tán lọ ńkọ́, Màámi? Tí wọn ò sì tíì pè mí?"

"Kó o tó bẹ̀rẹ̀ sí í yí, kó o ti mọ ìgbà tó o máa lọ. Má dúró títí o ò fi ní lè dé ibòmíràn. Ọ̀pọ̀ ló kú níbi tí wọ́n ti ń dúró de ohùn kan."

Wọ́n ní kí n gbé àwọn wọlé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 20.

Mi ò mọ bí mo ṣe máa kọ èyí. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ ni mo máa kọ ọ́.

Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ fọ́ọ̀mù. Mi ò fẹ́ kí Màámi fọwọ́ sí ohun tí wọn ò lè kà. Mo ti ro ìyẹn fún ọ̀pọ̀ alẹ́. Mo lè fi ìka tọ́ka sí ibi tí wọ́n máa kọ ọ́ sí, ṣùgbọ́n ọwọ́ ta nìyẹn máa jẹ́? Mo wá túmọ̀ fọ́ọ̀mù sí Yorùbá sórí ìwé kan, ilà fún ilà, mo tẹ́ ẹ sókè fọ́ọ̀mù kí wọ́n lè máa kà á bọ̀. Gbogbo orí ẹ̀kọ́ ni wọ́n kà pẹ̀lú ìka. Níbi tí wọ́n dé òkòtó, wọ́n rẹ́rìn-ín.

Ní ìsàlẹ̀, ilà méjì ló wà. Ti akẹ́kọ̀ọ́ ló ṣáájú. Mo kọ síbẹ̀ pé: Ẹni tó kọ́ ẹ̀kọ́ yìí. Sí ti olùkọ́, mo kọ: Ẹni tó kọ́ ọ.

Mo ti ka ìwé láyé yìí. Mo jókòó, mo fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́, mo sì kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mi ò rí nǹkan kan.

Màámi gba bírò sí ọwọ́ òsì. Mo gbójú sápá kan, nítorí omi ti dé ojú mi, mi ò fẹ́ kí wọ́n rí i. Nígbà tí mo máa wòkè, wọ́n ti parí. Ọwọ́ náà dára. Gbogbo ìkòríta rẹ̀ pé, bí ìgbà tí wọ́n ń fi ọ̀tún kọ ọ́. Ilà àkọ́kọ́ ni wọ́n kọ ọ́ sí.

"Màámi, ilà kejì ni tiyín."

Wọ́n fi ìka sí ìwé mi, wọ́n kà á sókè bí ọmọ ilé-ìwé. "Ẹni. Tó kọ́. Ẹ̀kọ́ yìí." Wọ́n wò mí. "Ta ló kọ́ ọ? Ṣebí èmi ni mo kọ́ ọ."

Inú wọn dùn tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnu tó wọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ tọ́.

Mo ní, "Ẹ̀yin ni, Màámi."

"Ìwọ ńkọ́? Fọwọ́ sí tìẹ."

Mo ní mo máa fọwọ́ sí i tó bá yá.

Ọjọ́ Ajé, 22.

Ọ̀gá Gbóyèga ní kí n ya fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ lórí Wasáàpù. Ó pẹ́ kó tó pè. Ó ní òun ò lè gbà á. Ó ní ó dun òun. Ó dùn ún lóòótọ́, mo gbọ́ ọ lóhùn rẹ̀. Fọ́ọ̀mù míràn ò lè dé kí ọdún tó yí, olú-iléeṣẹ́ ti tilẹ̀kùn fún Kérésìmesì. Lẹ́yìn ìyẹn láísẹ́ǹsì ti kú, àyẹ̀wò ara ni wọ́n sì máa fi sọ ọ́ dọ̀tun.  Àwa méjèèjì mọ bí ara Màámi ṣe rí.

Ọ́ńkù Ganíyù mú èrò tirẹ̀ wá. "Fi nǹkan pa á rẹ́. Gbé bírò, kọ ọ́ síbi tó yẹ. Ọwọ́ òsì ni, ta ló mọ ọwọ́ òsì kan yàtọ̀ sí èkejì?"

Mo gbé bírò. Mo jẹ́wọ́ rẹ̀ fún ìwé yìí. Mo ti wò wọ́n lórí síléètì tó bẹ́ẹ̀ tí mo lè kọ ọ́ pẹ̀lú ojú dídì. Wọ́n ní àwọn ò ní fọwọ́ sí ohun tí àwọn ò kọ́. Èmi náà, mo kọ́ ọ. Èdè wa gbà mí láyè. Mo jókòó pẹ̀lú àyè yẹn títí àtùpà fi ń rú èéfín, mo wá gbé bírò sílẹ̀.

Ọjọ́rú, 31.

Láísẹ́ǹsì Màámi parí lónìí. Mi ò sọ fún wọn. Lẹ́yìn tí wọ́n jẹun, wọ́n ní kí n gbé páálí aago wá. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti orí òkòtó, mo béèrè ìbéèrè mi níbi tó yẹ. Wọ́n gbàgbé "etí." Mo fi ìka kan etí mi, wọ́n sì rántí.

Bí mo ṣe ń bò wọ́n láṣọ, wọ́n ní, "Ọ̀la ńkọ́?"

"A máa kọ́ ọ, Màámi."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 13 Oṣù Kìíní, 2026.

Màámi kú kí ilẹ̀ tó mọ́. A sin wọ́n lẹ́yìn ìrun àìlà. Ọyẹ́ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò rí àwọn tó wà ní òdìkejì sàréè.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 20.

Àdúà ọjọ́ kẹjọ. Àwọn ará Èkó wá, wọ́n kún ilé. Gbogbo wọn ló ní oorun ni wọ́n sùn lọ, ikú tó dára ni. Mo bu omi fún àwọn àfáà. Àfáà tó ṣe wáàsí ní ìmọ̀ tí èèyàn fi sílẹ̀ kì í kú, ó ń bá a dé sàréè ni. Mo fẹ́ bi í pé bí ìmọ̀ náà bá ti ṣáájú ẹni tó ni í lọ ńkọ́? Mi ò bi í. Ó ti rẹ̀ ẹ́, ó sì tún ní ibòmíràn láti lọ ní Agbamu.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo jáde sábẹ́ dóńgóyárò. Ìjókòó àlejò ti pa ilà inú eruku rẹ́. Mo wá a káàkiri pẹ̀lú iná fóònù. Kò sí.

Ọjọ́ Ajé, 16 Oṣù Kejì.

Olùkọ́ tuntun ti dé sí ilé-ìwé. Ọláṣẹ̀hìndé lorúkọ rẹ̀, kò dàgbà jù mí lọ. Àtòkè ni mo ti bẹ̀rẹ̀, orí kìíní. Ọ̀gá Gbóyèga ní kí n má bínú. Mi ò bínú.

Nígbà tó dé orí aago lónìí, ó béèrè ohun tó wà nínú èyí tó ń fi títẹ́jú hàn. Mo ní òkòtó. Kíláàsì rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó wá dúró. "Òkòtó," ni ó wí, bí ẹni ń tọ́ ọ wò. Ó kọ ọ́ sí ojú pátákó.

Fọ́ọ̀mù Màámi wà nínú àpò mi. Mi ò mọ ohun tí mò ń gbé e kiri fún. Ojoojúmọ́ ni mò ń wo ilà àkọ́kọ́ yẹn. Ṣé àṣìṣe ni lóòótọ́? Ní oṣù méjì yẹn, ta ló ń kọ́ èdè, tó ń kọ́ bí a ṣe ń mú bírò, bí a ṣe ń gbé ẹsẹ̀?

Ọjọ́bọ̀, 26 Oṣù Kẹta.

Òjò ti bẹ̀rẹ̀. Mo wọ ìkùukùu fún ìgbà àkọ́kọ́ lónìí, Ọ̀gá Gbóyèga lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Ilẹ̀ pòórá. Funfun ló kù, bí ìgbà tí wọ́n bá fi aṣọ bo fèrèsé. Kò pẹ́ tí ara mi fi bẹ̀rẹ̀: a ti tẹ̀ sí ọ̀tún, a ń ṣubú lọ, yí i sí òsì, Mardiyah, yí i sí òsì. Òkòtó ní a tẹ́jú. Mo bi àwọn aago tó kù. Wọ́n ní a tẹ́jú. Ara mi sunkún. Ó sunkún gan-an, ó wọ ọrùn mi, ó ń fa ọwọ́ mi sí òsì. Mo jẹ́ kó sunkún.

"Ṣé ó dáa?" ni Ọ̀gá Gbóyèga bi mí.

"Ó dáa, sà."

Nígbà tí a bọ́ sí ìta, oòrùn wà lórí oko àwọn èèyàn, ó ń dán.

Jòhánù, ẹ̀ṣọ́ ilé-ìwé wa, ló wà lẹ́nu géètì nígbà tí mò ń lọ sílé. Ó ti wà ní ìlú rẹ̀ láti ìparí oṣù kọkànlá, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló dá, òní ló padà sẹ́nu iṣẹ́. Kò tíì gbọ́ nǹkan kan.

"Awakọ̀ wa! Mo rí yín tí ẹ wọ inú ìkùukùu yẹn. Èmi ò lè dán irú ẹ̀ wò láé. Màmá ńkọ́?"

Mo ya ẹnu kí n sọ ọ́ fún un. Ó dúró lórí ọ̀pá rẹ̀, ó ń wò mí pẹ̀lú ẹ̀rín.

"Wọ́n ń kọ́ mi," ni mo wí.

Ó ní ẹ ṣeun, kí n bá òun kí wọn.